Ìwé tí mo ń fi rán ọmọ sí òbí kì í padà wá. Kí ni ṣíṣe?

Tíṣà Pírámárì 3
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kíláàsì ọmọ 38 ni, ilé ìwé ìjọba, lẹ́bàá ọjà ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń tajà, àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà. Ìwé tí a bá fi sínú àpò ọmọ kì í padà wá. WhatsApp kíláàsì ti di ibi àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó aṣọ. Bí òbí bá sì yọjú, ìjà ló bá wá. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe lè máa dé etí wọn kó tó di ìjà?

Màmá Kíláàsì
Ẹ ǹlẹ́ o, tíṣà. Inú ìwé orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí bàbá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ kò tó, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ kọ ẹni tó ń jí ọmọ lówùúrọ̀, nọ́ńbà méjì, àti àsìkò tó lè gbé ìpè. Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ mọ̀wé kà?" Ìtìjú lè mú un parọ́. Ẹ bi í pé, "Ṣé kí n máa kọ ọ́ ni, àbí kí n máa sọ ọ́?"

Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ pe mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ó fi parí. Ire nìkan ni kí ìpè àkọ́kọ́ gbé wá. "Àlàáfíà ni o" ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, torí àyà òbí tó bá rí nọ́ńbà tíṣà lọ́sàn-án a máa já. Kí ire náà sì ṣeé dì mú. "Ọmọ yín ń gbìyànjú" kò tó nǹkan. "Sáà tó kọjá, 'gb' ń dà á láàmú. Lánàá, ó ka ojú ìwé kan tán láìdúró": ìyẹn ni ìyá á sọ fún ará ọjà.

Akọ̀wé P.T.A.
Ẹ ti gúrúùpù yẹn, kó jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń darí rẹ̀ nìkan lẹ lè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má dárúkọ ọmọ tó ṣẹ̀ tàbí ẹni tó jẹ owó níbẹ̀ láé. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Ẹ gbohùn yín sílẹ̀ ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ broadcast lẹ ń lò, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí gúrúùpù, ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní í rí i.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ti ẹni tó ń lo fóònù kékeré. Ẹyọ kan gba lẹ́tà 160 pẹ̀lú àlàfo, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ̀ ọ́, ó di 70, owó á sì pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ yọ àmì kúrò, ẹ ṣọ́ra: "ki omo mu owo wa", ṣé owó ni àbí ọwọ̀? Bó bá jẹ́ ọwọ̀ ni, ẹ kọ "igbale".

Ọ̀gá Ilé Ìwé
Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó dá ọjọ́ ìpàdé. Bí a bá ná ọjà ọrọọrún lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la ó tún ná an, nítorí náà, bó bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ 28 ló máa fi padà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ mìíràn. Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, bó bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìyókù ló máa bọ́ sí i. Ẹ sún un síwájú lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má sì fọ̀rọ̀ owó ṣáájú. Ìwé ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Òbí tó bá bínú wá, ẹ má dá a lóhùn lójú àwọn ọmọ. Ẹ fún un ní àga, kó sọ tirẹ̀ tán.

Tíṣà Pírámárì 3
Ẹ ṣé gan-an. Àwọn tí kò ní fóònù rárá ńkọ́?

Màmá Kíláàsì
Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ aládùúgbò tí wọ́n fọkàn tán, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà ní kí ẹ yà nílé ìwé" nìkan ni kí onítọ̀hún bá yín jẹ́. Ẹ má fi ọ̀ràn ọmọ rán an.