Jàpáànù ló kọlu Amẹ́ríkà, kí ló dé tó jẹ́ Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú déédé ìwòyí o. Baba tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì; mẹ́dàlì rẹ̀ ṣì wà nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà. Baba kì í yé ráhùn pé Yúróòpù ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan lọ, tí àwọn ń jẹ àjẹkù. Bẹ́ẹ̀ Jàpáànù ló ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Kí ló fà á?

Ará Ṣágámù: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pinnu kí bọ́ǹbù yẹn tó bọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti fẹnu kò pé, bí ogun bá kan àwọn méjèèjì, Jámánì ni olórí ọ̀tá. Bí Jámánì bá borí Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé mọ́ ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n Jàpáànù, tí epo ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, tó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ló fi ń kó o wọlé, ṣeé fi sílẹ̀ ná. Hitler, olórí Jámánì, fúnra rẹ̀ ló wá bá Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nígbà tó kéde ogun lé Amẹ́ríkà lórí lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá.

Ará Ìpẹru: N kò jiyàn, àmọ́ orí ìwé ni ètò yẹn ti gún tó bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1942 ni Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Guadalcanal, erékùṣù kan lójú òkun Pàsífíìkì, láti bá Jàpáànù jà. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó dé Àríwá Áfíríkà, àwọn ọmọ ogun Faransé abẹ́ ìjọba Vichy, tó ń bá Jámánì ṣe, ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá jà níbẹ̀, kì í ṣe Jámánì gan-an. Marshall, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, fẹ́ kí wọ́n gba Faransé wọlé kíákíá, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà, Stalin, olórí Rọ́ṣíà, ń pariwo pé kí wọ́n yára, ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 1944 kí wọ́n tó wọ Normandy, ní etí òkun Faransé. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ogun sọ̀ sí etí òkun ni kò tó.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde: Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí yé ọmọ Ìjẹ̀bú dáadáa. Ojú ọ̀sà ni Gẹ̀ẹ́sì gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó wá bá wa jà ní Ìmágbọ̀n lọ́dún 1892. Ṣé ọkọ̀ kan náà ló fìyà jẹ baba wa ní Bọ́mà?

Ará Ìpẹru: Ó wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ṣètò láti gúnlẹ̀ sí erékùṣù Andaman, lójú òkun Bọ́mà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1943 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá àwọn ọkọ̀ náà padà sí Yúróòpù. Baba kò parọ́.