Mo fèèlì CCNA lẹ́ẹ̀kan, báwo ni kí n ṣe kàwé fún ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Ọmọ_Orí_Òpó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtẹ̀yin àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín gan-an ni. Ìbàdàn ni mo wà, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń gun òpó, èmi ni mo máa ń so rédíò mọ́ orí òrùlé oníbàárà tí mo tún máa fa wáyà wọlé fún wọn, ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di pé kí wọ́n wọ inú ráútà lọ tún nǹkan ṣe, ẹlòmíì ni wọ́n máa ń pè, èmi á wá dúró máa wò ó. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé mo gbọ́dọ̀ gba CCNA, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ti iléeṣẹ́ Cisco.

Oṣù márùn-ún ni mo fi kàwé. Mo wo fídíò tán, mo kọ nóòtì kún ìwé méjì, mo sì san 300 dọ́là yẹn, owó tí mo dá èsúsú lé lórí látọdún tó kọjá. Mo lọ jókòó, mo fèèlì. Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan kan o, àmọ́ ìbéèrè subnet (bí wọ́n ṣe ń gé nẹ́tíwọ̀kì sí kéékèèké) kan ṣoṣo, mo lè lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ẹ̀, ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè wo aago, 120 ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìbéèrè tó kù ṣì pọ̀, mo kàn wá ń tẹ èyí tó bá ti súnmọ́ ọwọ́ mi ni. Ìwé èsì tí wọ́n fún mi, IP Connectivity (apá tó dá lórí bí ráútà ṣe ń yan ọ̀nà) ni mo ti ṣe dáadáa kéré jù, 36% péré, Network Access (apá ti súwíìṣì àti wáìfáì) náà ò sì sunwọ̀n.

Wọ́n ní tí ọjọ́ 5 bá ti kọjá mo lè padà lọ jókòó. Ṣé kí n tètè lọ nígbà tí ohun tí mo kà ṣì wà lórí mi ni àbí kí n dúró? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa tún ní òun máa fi dump ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé ìbéèrè àti ìdáhùn ló kún inú ẹ̀, pé bóun náà ṣe yege nìyẹn. Ọkàn mi ò gba ìyẹn, àmọ́ owó yẹn dùn mí wọra, mi ò fẹ́ kó tún ṣòfò.

Baba_Súwíìṣì:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Owó ńlá ni 300 dọ́là, ó yẹ kó dùn ẹ́. Má tíì lọ o. Ọjọ́ 5 yẹn, àwọn tó kù díẹ̀ káàtó fún ló wà fún, ẹni tó gba 36% nínú IP Connectivity kò sí lára wọn, torí apá yẹn nìkan ló kó 25% gbogbo ìdánwò náà, òun ló tóbi jù. Fún ara ẹ ní oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Ti dump yẹn, jọ̀ọ́ má gbà á. Kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yọjú lo ti máa tẹ bọ́tìnì pé o gbà láti tẹ̀ lé òfin wọn, tí Cisco bá sì mọ̀ pé o fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí wọlé, wọ́n lè fagi lé èsì ẹ kí wọ́n má sì jẹ́ kó o jókòó mọ́. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, mo ti jókòó gba èèyàn síṣẹ́ rí. Ọmọkùnrin kan mú CCNA wá, mo ní kó jẹ́ kí VLAN 30 (VLAN ni nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n pín sọ́tọ̀ lórí súwíìṣì kan náà) kọjá lórí trunk, ìyẹn ojú ọ̀nà tó ń gbé ọ̀pọ̀ VLAN, tó wà láàárín súwíìṣì méjì. Ó tẹ «switchport trunk allowed vlan 30». Kò tẹ «add». Tó bá jẹ́ pé súwíìṣì tó ń ṣiṣẹ́ ló wà níwájú ẹ̀ ni, gbogbo VLAN tó kù ló ti gé dànù yẹn, fóònù orí tábìlì á kú, kámẹ́rà á kú, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Dump ò lè kọ́ èèyàn ní «add» yẹn, ọwọ́ tó ti bà á jẹ́ rí lórí lab (ìdánrawò àfọwọ́ṣe) ló máa ń rántí ẹ̀.

Ó dáa, ká wá sórí subnet, torí òun ló jẹ ẹ́ lákòókò. Fi ojú ilẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú IP address (nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì), ilẹ̀ gbọọrọ kan ni tó ní ààyè 256, láti 0 dé 255. Mask ló ń sọ bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà. Tí wọ́n bá fún ẹ ní 192.168.10.77/27, /27 yẹn ló ń sọ pé mask ẹ̀ jẹ́ 255.255.255.224, yọ 224 kúrò nínú 256, ó ku 32. Pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààyè 32 nìyẹn. Wá máa ri òpó ààlà mọ́lẹ̀: 0, 32, 64, 96. Ibo ni 77 bọ́ sí? Àárín 64 sí 96. O ti parí ẹ̀. Ààyè àkọ́kọ́, 64, orúkọ agbo ilé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀. Ààyè tó gbẹ̀yìn kó tó kan ààlà kejì, 95, ti akéde ni, ohun tó bá sọ níbẹ̀ gbogbo ará ilé ló máa gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ náà. Àwọn tó lè gbélé jẹ́ 65 títí dé 94, ọgbọ̀n èèyàn.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kẹta ni wọ́n gé ńkọ́? Ọgbọ́n kan náà ni. 172.16.45.200/20, mask 255.255.240.0, 256 yọ 240 ku 16. Ààlà: 0, 16, 32, 48. 45 wà láàárín 32 sí 48, agbo ilé ẹ̀ jẹ́ 172.16.32.0, akéde jẹ́ 172.16.47.255. Ogún ìbéèrè lóòjọ́, bírò àti pépà, má fọwọ́ kan kákúlétọ̀ (wọn ò ní fún ẹ ní ìkankan níbẹ̀). Títí tí ìkankan ò fi ní gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ.

Ìyá_Ìbejì_NOC:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí èmi náà fèèlì lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbà á, nígbà tí àwọn ìbejì mi wà lọ́mọ ọdún méjì.

Bọ̀dá Orí Òpó, ẹ ò dárúkọ lab kankan nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Fídíò àti nóòtì lẹ dárúkọ. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn lákọ̀ọ́kọ́, mo lè ṣàlàyé OSPF (ètò tí àwọn ráútà fi ń sọ ojú ọ̀nà fún ara wọn) fún ẹ̀yin àti ará ilé yín, àmọ́ tí ráútà méjì bá kọ̀ tí wọn ò dá ara wọn mọ̀ mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Cisco Networking Academy kẹ́ ẹ dáńlóòdù Packet Tracer, ètò tẹ́ ẹ fi lè kọ́ nẹ́tíwọ̀kì àfarawé lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, laptop tó ti pẹ́ díẹ̀ náà máa ń gbé e.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo máa ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ káwọn ọmọ tó jí, mo ti máa ń gba iná sínú laptop láti alẹ́ torí pé wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà. Mo á kọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan tó dáa, tó ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà màá bà á jẹ́. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà á jẹ́ ni o. Mo á lọ yí hello timer ráútà kan (iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń kí èkejì) sí 5, ẹnì kejì ṣì wà lórí 10, mo á wá jókòó wò ó bí wọ́n ṣe máa pínyà kí 40 ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì mo á fi ẹ̀gbẹ́ kan sí area 0, èkejì sí area 1 (area ni agbègbè tí OSPF pín nẹ́tíwọ̀kì sí). Lọ́jọ́ kẹta mo á fi passive-interface, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ráútà kí ẹnikẹ́ni lójú ibẹ̀, sórí ojú tí kò yẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kọ sínú ìwé: ohun tí mo bàjẹ́, ohun tí «show ip ospf neighbor» sọ, bí mo ṣe tún un ṣe. Ìwé yẹn ni mo kà lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, mi ò fojú kan fídíò mọ́.

Ti Network Access yín náà, ẹ fún spanning tree (ohun tí kì í jẹ́ kí dátà máa yí po láìdáwọ́dúró láàárín àwọn súwíìṣì) láyè dáadáa. Ẹ so súwíìṣì mẹ́ta pọ̀ bí adógán, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá wo èwo ló di root, ìyẹn olórí wọn. Gbogbo wọn ló ní priority 32768, torí náà èyí tí MAC ẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n ti fi mọ́ ẹ̀rọ látilé iṣẹ́) kéré jù ló máa jọba, níbi iṣẹ́ gidi súwíìṣì tó ti gbó jù ló sábà máa ń jẹ́, èyí tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo rí ìyẹn pẹ̀lú ojú ara mi ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká máa fọwọ́ ara wa yan root.

Ẹ tún rántí pé tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí ìbéèrè kan, kò sí àyè àti padà sórí ẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa padà wá.

Ọmọ_Èkó_Manchester:

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Èmi ní tèmi rò pé kí bọ̀dá yìí kọ́kọ́ ṣe Network+, ìdánwò nẹ́tíwọ̀kì ti CompTIA, ná kó tó padà sí CCNA. Òun ni mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo dé ibí, ẹ̀dà N10-009 ló wà níta báyìí, ìbéèrè ẹ̀ ò ju 90 lọ, 90 ìṣẹ́jú, èèyàn sì mọ nǹkan tóun ń lé, 720 nínú 900 lèèyàn fi ń yege. Cisco kì í sọ iye tí wọ́n fẹ́ fún aráyé. Network+ máa fún un ní ìpìlẹ̀, ọkàn ẹ̀ á sì balẹ̀.

Baba_Súwíìṣì:

Ọmọ Èkó, o ò parọ́, Network+ dáa, ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ráútà sí súwíìṣì, òun ni màá rán lọ síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí ti fi ọdún mẹ́ta wà lórí òpó, ó mọ wáyà, ó mọ rédíò, ó sì ti ka CCNA dé ìlàjì. Tó bá lọ sanwó ìdánwò mìíì báyìí, owó méjì ló máa ná. Mi ò rò pé ìpìlẹ̀ ló ń dà á láàmú. Àìfọwọ́ṣe ni.

Ọmọ_Orí_Òpó:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, lab tí mo ṣe ò pé mẹ́wàá. Mo ti dáńlóòdù Packet Tracer lánàá. Mo sì ti sọ fún ẹni ibi iṣẹ́ yẹn pé kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan wà tí mo pàdé níbi tí mo ti ń ṣe ìdánrawò, ó ń yọ mí lẹ́nu. Ráútà kan mọ ọ̀nà méjì, static kan (èyí tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sínú ráútà) tó lọ sí 10.1.0.0/16 àti OSPF tó lọ sí 10.1.1.0/24. Pákẹ́ẹ̀tì wá ń lọ sí 10.1.1.9. Mo mú static torí pé administrative distance tiẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe ṣeé fọkàn tán tó) jẹ́ 1, ti OSPF jẹ́ 110, èyí tó kéré ló yẹ kó borí. Wọ́n ní mi ò gbà á. Kí ló dé?

Ìyá_Ìbejì_NOC:

Hàà, èyí gan-an ló ń jẹ máàkì èèyàn! Ẹ gbọ́. Administrative distance, ìgbà tí ọ̀nà méjì bá ń lọ sí ibì kan náà gẹ́lẹ́, /24 pẹ̀lú /24, ìgbà yẹn ló máa ń ṣiṣẹ́, kí ráútà lè mọ èyí tó máa gbà wọ inú routing table, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀nà rẹ̀. Àwọn méjì tẹ́ ẹ kọ yìí, /16 àti /24, ibì kan náà kọ́ ni, torí náà àwọn méjèèjì ló wọlé, kò sí ìjà láàárín wọn. Tí pákẹ́ẹ̀tì bá wá dé, ráútà á wo èyí tó ṣe pàtó jù, ìyẹn èyí tí prefix ẹ̀ (nọ́ńbà ẹ̀yìn «/» yẹn) gùn jù.

Ẹ wò ó báyìí: tẹ́ ẹ bá ń wá ilé kan lọ, ẹnì kan ní «gba ọ̀nà Ìbàdàn», ẹnì kejì ní «Bódìjà ni, àdúgbò ọjà». Ti ẹnì kejì lẹ máa tẹ̀ lé kódà tó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ lẹ fọkàn tán jù. OSPF /24 ló máa gbé e. Ẹ lọ kọ́ ọ sórí Packet Tracer lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ fi traceroute, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì gbà hàn, wò ó.

Ọmọ_Orí_Òpó:

Ó ti yé mi wàyí! Gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, pé administrative distance ló máa ń kọ́kọ́ ṣe ìpinnu ni mo rò. Bóyá ìbéèrè bíi márùn-ún ló bá ìyẹn lọ níbi ìdánwò mi.

Baba_Súwíìṣì:

Ó ṣeé ṣe. Wá dá mi lóhùn, má lo fóònù: 10.20.30.130/26. Agbo ilé, akéde, àwọn tó ń gbélé. Sọ iye àsìkò tó gbà ẹ́.

Ọmọ_Orí_Òpó:

256 yọ 192 ku 64. Ààlà: 0, 64, 128, 192. Agbo ilé 10.20.30.128, akéde 10.20.30.191, onílé 129 dé 190, èèyàn 62. Mo fi aago wò ó, ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀.

Baba_Súwíìṣì:

Ó tọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lo ti ń bọ̀. Kọ ogún tòní, lọ́la tá a bá tún pàdé wá sọ iye tó kéré jù tó gbà ẹ́.