Bátìrì tuntun ni mo rà, síbẹ̀ ọkọ̀ mi kì í jí láàárọ̀

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Láàárín oṣù mẹ́rin, bátìrì méjì ni mo ti rà sínú ọkọ̀ tí mo ń gbé láti Sángo Ọ̀tà lọ sí Ìkẹjà. Bí mo bá fi lè dé ilé lálẹ́ lẹ́yìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí mo sì pa ẹ́ńjìnnì, mo ní láti yá bátìrì aládùúgbò kí ọkọ̀ tó lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sì máa ń tàn bàìbàì. Rewáyà mi yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò kú, ó ní kò sí ohun tó ṣe alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná tó sì ń chájì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn kìíní
Rárá o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dán irú rẹ̀ wò mọ́. Bátìrì ni ó ń gba iná tó bá ru sókè mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ orí rẹ̀ lójijì, iná tí alternator ń mú wá kò ní ibi tí yóò gbà, ó sì lè ru kọjá volt 14 ní ìlọ́po ìlọ́po, kí ó ba brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, jẹ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Pé ẹ́ńjìnnì kò kú kò fi hàn ju pé iná díẹ̀ ṣì ń jáde.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn volt ni kí ẹ lò, kí ẹ fi kan orí bátìrì méjèèjì. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi mọ́jú, yóò wà ní nǹkan bíi volt 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó gòkè sí 13.8 sí 14.5. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná iwájú àti fáànù ẹ̀rọ amúlétutù pa pọ̀, kí ẹ wá tún un wọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí máa ń tú.

Ìdáhùn kejì
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ láti inú bátìrì máa ń gba ara káábónù méjì kọjá sí wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin àárín alternator, irin náà yóò sì di mágnẹ́ẹ̀tì. Bẹ́líìtì ni ó ń yí i láàárín àwọn wáyà mìíràn, iná yóò sì hù nínú wọn. Ṣùgbọ́n iná yìí ń lọ ó ń bọ̀ ni, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí diode mẹ́fà fi dúró bí adènà, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kú, alternator yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò dín. Nínú súnkẹrẹ alẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, tí iná gbogbo sì wà ní títàn, bátìrì ni yóò máa fi tirẹ̀ dí àlàfo náà títí yóò fi gbẹ.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo wọ̀n ọ́n: 13.6 láìtan nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan iná àti fáànù, ó já sí 12.3. Rewáyà mìíràn tú alternator lójú mi, ẹsẹ̀ diode kan ti jó dúdú kúrò lára àwo rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ àwo diode náà; 14.2 ni mo ń rí báyìí, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn.

Ìdáhùn kìíní
Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ gbé bátìrì náà lọ fún àwọn tó ń chájì kí ẹ tó máa gbé ọkọ̀ jáde, nítorí alternator kò wà fún jíjí bátìrì tó ti gbẹ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ náà lè gbóná débi tí yóò tún jó diode tuntun.