Kí owó tó jáde, èpò ti so: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń ka èpò àjèjì létí odò fún ilé ìwádìí kan. Lọ́dún kan, mo bá water hyacinth, èpò tó ń léfòó lójú omi, ní kọ̀rọ̀ odò kan, kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Òdòdó rẹ̀ rẹwà, ká má purọ́; ẹwà yẹn náà ló jẹ́ káwọn èèyàn gbé e láti agbègbè odò Amazon kiri ayé. Èmi àti ẹnì kan ṣoṣo ì bá kó o tán kí oòrùn tó wọ̀. Àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú odò ọ̀hún láìgba ìwé àṣẹ. Mo bá kọ ìròyìn olójú ìwé 41 sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o.

Oṣù 7 gbáko. Èpò tó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Nígbà tí ìwé àṣẹ fi máa dé, ọkọ̀ ò lè kọjá mọ́, irúgbìn rẹ̀ sì ti wọ ẹrẹ̀, níbi tó ti lè wà ju ọdún 15 lọ kó tó hù.

Inú bí mi, mo gba ọ́fíìsì náà lọ. Akọ̀wé tọ́rọ̀ kàn fa ìròyìn mi yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo kà á dé ojú ìwé kẹfà, mi ò tíì rí ohun tí ẹ fẹ́ ká ṣe." Mo ṣí i. Tábìlì ìwọ̀n iyọ̀ inú omi ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe wà lójú ìwé 38. Mo panu mọ́.

Ta ló kàn?

*

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òdìkejì tábìlì ni èmi jókòó sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Tiwa burú ju ti dúrọ́ọ̀ lọ. Ẹ̀ka tiwa ń sanwó fáwọn tó ń hú igi àjèjì kan, ẹ̀ka tó wà lókè wa sì ń pín irúgbìn igi yẹn gan-an pé kó máa dí ọ̀gbàrá. Àtẹ̀gùn kan péré ló wà láàárín wa. Ó tó ọdún 2 ká tó mọ̀. Ẹ tiẹ̀ mọ bá a ṣe mọ̀? Agbaṣẹ́ṣe kan náà ló gba iṣẹ́ méjèèjì!

Àwọn onímọ̀ ní ká gé e kó tó yọ òdòdó. Owó wa kì í jáde àfi tó bá ti so tán. Ẹni tó bá sì ń wọ́ èpò tó ti so kọjá lójú ọ̀nà, irúgbìn ló ń fún kiri. Nípàdé, gbogbo wa la máa ń tọ́ka sí àdéhùn àgbáyé ti 2022 lórí dídáàbò bo àwọn ohun abẹ̀mí, pé kó tó di 2030, ká ti fi ó kéré tán ìdajì dín wíwọlé irú àwọn ẹ̀dá àjèjì bẹ́ẹ̀ kù. Ó dáa. Ta ni yóò gbé àdá lọ́jọ́ Mọ́ńdè?

*

Tèmi ò gùn. A kó etí odò tiwa mọ́ fínnífínní. Ìjọba míì ló ni etí kejì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Atẹ́gùn fẹ́ lóru. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti léfòó padà wá bá wa.

*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ti ń dán kòkòrò tó ń jẹ èpò wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìdádúró ló burú. Nígbà tá a fẹ́ tú kòkòrò wa sílẹ̀, ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba béèrè pé, "Tó bá jẹ èpò yìí tán, kí ló máa jẹ tẹ̀ lé e?" Ó dá wa padà sídìí àyẹ̀wò fọ́dún kan. Mo bínú gan-an.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ka ìtàn Cactoblastis, kòkòrò kékeré kan tó ń fò lóru. Ní 1920, ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ Queensland àti ìpínlẹ̀ New South Wales pawọ́ pọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nítorí kákítọ́ọ̀sì prickly pear, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tó ti gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n kó kòkòrò náà wá láti Argentina, wọ́n dán an wò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1926. Kò pé ọdún 10 tí èyí tó pọ̀ jù nínú kákítọ́ọ̀sì náà fi wó. Kòkòrò yìí kan náà ni wọ́n kó lọ sí erékùṣù Kàríbíánì ní 1957. Nígbà tó fi di 1989, ó ti dé Florida ní Amẹ́ríkà, ó ń jẹ kákítọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Mo rántí ìyá yẹn.

*

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo tún dé. Àbúrò, o bá mi wí, mo gbà.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni èmi àti akọ̀wé ń lò báyìí: ibo ló wà, ìgbà wo ló máa yọ òdòdó, ta ló láṣẹ ibẹ̀, èèyàn mélòó ló máa kó o. Òun náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ gba àṣẹ pé èyí tí kò bá fẹ̀ ju ẹní 10 lọ, ká sáà fi tó wọn létí ká sì máa kó o. Lọ́dún tó kọjá mo rí òmíràn lọ́jọ́ Tuesday. Thursday, a ti wà nínú omi. Bàtà ọ́fíìsì ni akọ̀wé wọ̀ wá. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ dòní. Àpò 11 la kó.

Oṣooṣù ni mo ń padà lọ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí 2 kéékèèké láàárín esùsú, mo fà wọ́n tu, mo fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí i. Èsì tó fọ̀ ni: "Ojú ìwé mélòó, sà?"