Kọ́ìlì sólẹ́nọ́ìdì ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà wa ń jó léraléra

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ń bójú tó ní Iléṣà níbí. Ẹ̀rọ afami ló ń ti omi gba inú àwọn asẹ́ lọ sínú táńkì òkè, láti ibẹ̀ ló sì ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń rọ omi sí ọ̀rá. Fáàfù sólẹ́nọ́ìdì kan, èyí tí iná ń gba inú kọ́ìlì rẹ̀ (wáyà tí a ká jọ) láti gbé irin àárín rẹ̀ sókè, ló ń ṣí tó sì ń tì bí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bá ti ń kún. Láti ìgbà tí èyí tó bá ẹ̀rọ wá ti bàjẹ́ ni ara ò ti rọ̀ wá mọ́. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ máa ń kùn bí agbo oyin, ọ̀rá kan á kún dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e á dín, tó bá sì ṣe díẹ̀, òórùn á gba gbogbo yàrá, kọ́ìlì ti jó nìyẹn. Oníṣẹ́ iná wa ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa, pé kí n lọ ra èyí tó wọ́n ní Ìbàdàn. Kí n tó náwó, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́ìlì nìkan ló jẹ̀bi. 220 fólítì, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ni wọ́n kọ sí i lára.

Oníná Sábó (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú iṣẹ́ o. 60 Hz tí ẹ mẹ́nu bà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. 50 Hz ni iná orílẹ̀-èdè wa, kọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan yóò sì máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ níbí, ooru rẹ̀ á pọ̀. Síbẹ̀, n kò rò pé òun nìkan ló ń jó o. Kọ́ìlì tó ń lo iná AC, irú iná ti inú ilé, máa ń fa iná púpọ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ìlọ́po mélòó kan èyí tí yóò máa lò nígbà tí irin àárín rẹ̀ bá ti fò sókè tó sì ti jókòó. Bí irin náà kò bá wá ráyè jókòó, yálà ìdọ̀tí ló há a ni o, tàbí iná ni kò lágbára tó, iná púpọ̀ ti àkọ́kọ́ yẹn ni kọ́ìlì yóò máa fà títí tí yóò fi jó. Ìdí nìyẹn tí kíkùn fi ń ṣáájú òórùn. Ojúlówó tó wọ́n jù lọ pàápàá yóò jó bí ẹ bá gbé e lé irin tó ti há.

Ẹ fi mítà wọn iná lẹ́nu wáyà kọ́ìlì gan-an, kì í ṣe lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Ọ̀pọ̀ kọ́ìlì kì í gbà ju kí iná fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín, ìyẹn ni pé 220 kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 198 lọ. Bí tiyín bá ń wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá sitebiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú kí iná dúró sójú kan, sí i. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín kí wọ́n má ṣe yọ kọ́ìlì kúrò lórí ọ̀pá tí irin àárín wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀, nítorí kọ́ìlì tí kò ní irin nínú kì í pẹ́ jó.

Pọ́lọ́ḿbà Mọ́dákẹ́kẹ́:

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ nípa irin tó há, ṣùgbọ́n àìsàn méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́ìlì tó ń jó jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rá tí kò dọ́gba jẹ́ òmíràn. Irú sólẹ́nọ́ìdì kan wà tí kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń gbé ohun tó dí ojú omi sókè. Irú kejì, tó kún ọjà, rọ́bà pẹlẹbẹ ló dí ojú omi níbẹ̀. Ihò tóóró kan péré ni kọ́ìlì ń ṣí, agbára omi ló wá ń gbé rọ́bà náà. Púpọ̀ nínú irú kejì yìí ń béèrè 0.3 sí 0.5 báà (òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń tì) kó tó lè ṣí tán. Bẹ́ẹ̀, omi ní láti fi nǹkan bíi mítà 10 ga ju fáàfù lọ kó tó ní 1 báà. Ká ní omi táńkì yín fi mítà 4 ga ju ilẹ̀ lọ, tí fáàfù sì wà ní mítà 1.5 lára ẹ̀rọ, mítà 2.5 ló kù, ìyẹn 0.25 báà. Rọ́bà yóò kàn máa gbọ̀n ni, ìwọ̀nba tó ń ṣí yóò sì túbọ̀ máa dín kù bí omi bá ti ń fà nínú táńkì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára fáàfù náà. Bí iye báà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó lè bá omi táńkì ṣiṣẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.5, kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó wọ́n tó.

Bí ẹ bá fẹ́ de òmíràn, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi fọ inú páìpù dànù, kí ẹ fi asẹ́ kékeré ṣáájú rẹ̀, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú síbi tí omi ń lọ, kí kọ́ìlì sì wà lókè kí ìdọ̀tí má baà rọ̀ sínú ọ̀pá. Ara fáàfù tó jẹ́ idẹ ni kí ẹ fi sípánà dì mú. Mo ti rí ẹni tó fi kọ́ìlì ṣe ọwọ́ ìfà, tó sì tẹ ọ̀pá náà wọ́. Láti ọjọ́ náà ni irin ti ń há sínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. A pa iná, a ti omi, a sì tú u. 0.5 sí 8 báà ló wà lára rẹ̀. Ìpẹtà pupa bo irin àárín, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá débi pé ìka ni a fi tì í kó tó kúrò. Iná tí a wọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ kò dé 190. Mo ti ń wá irú tó bẹ̀rẹ̀ láti 0, oní-50 Hz. Ṣé mo lè fi gíríìsì pa irin àti rọ́bà rẹ̀ kí ó má baà há mọ́?

Pọ́lọ́ḿbà Mọ́dákẹ́kẹ́:

Ẹ má dán an wò. Omi mímu ni, gíríìsì mọ́tò sì máa ń mú rọ́bà EPDM tí wọ́n sábà ń lò fún omi wú. Ẹ rẹ irin náà sínú fínígà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má fi sáńpépà kàn án, kí ẹ sì ṣan án dáadáa. Òrùka bàbà kékeré kan wà ní òkè inú ọ̀pá, ẹ wò ó bóyá ó ti sán, nítorí bó bá ti sán, kíkùn náà kò ní dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá tò ó padà, ẹ da omi àkọ́kọ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá nù, kó má wọ ọ̀rá.

Oníná Sábó:

Sitebiláísà kọ́kọ́, kí ẹ tó so tuntun náà mọ́ iná.