Bumblebee onídìí funfun: báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀?

ỌgbàKent: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bumblebee (oyin ńlá onírun) oríṣi mẹ́ta ló ń bà lórí òdòdó lavender nínú ọgbà ní Kent, nílẹ̀ England, lóṣù Keje yìí, gbogbo wọn ló nídìí funfun. Ṣé ẹ̀yà kan náà ni? Ṣé àwọn náà ni oyin dúdú ńlá tó ń lu ihò sára igi nílé ní Nàìjíríà?

Akókòròjọ: Ẹ fi ìdí sílẹ̀ ná, àyà (ibi tí ìyẹ́ ti so mọ́ ara) ni kí ẹ wò. Bí àyà bá jẹ́ búráùn láìní ìlà kankan, tí ikùn sì dúdú, Bombus hypnorum ni (Bombus ni orúkọ sáyẹ́ǹsì bumblebee, B. ni a ń gé e kúrú sí). Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Britain. Ilé tí wọ́n kàn fún ẹyẹ ló máa ń gbà. Bí ìlà yẹ́lò bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan nísàlẹ̀ àyà, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ikùn, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò: bó bá gùn bí ojú ẹṣin, B. hortorum nìyẹn.

Ìlà méjì péré ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí ayaba B. terrestris máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti B. lucorum funfun báláú. Àmọ́ ìdí àwọn òṣìṣẹ́ terrestris náà fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, oòrùn sì tún máa ń ṣá irun wọn. Ẹ kọ “terrestris tàbí lucorum” sílẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lucorum gan-an ní àwọn ìbejì, cryptarum àti magnus, tó jẹ́ DNA ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹsẹ̀Ẹ̀yìn: Ẹ tún wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ibi pẹlẹbẹ tó ń dán, tí irun gígùn yí ká, ni ayaba àti òṣìṣẹ́ ń di ìyẹ̀fun òdòdó sí. Bí kò bá sí, akọ ni (akọ kì í ta èèyàn), tàbí ẹ̀yà tó ń gba ilé onílé. B. vestalis ń yé ẹyin sílé terrestris: ìyẹ́ rẹ̀ dúdú díẹ̀, àmì yẹ́lò méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí funfun rẹ̀.

Fọ́tò kan ò tó: ẹ ya ẹ̀yìn, ojú àti ẹsẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló rọrùn jù, torí òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n tètè fò.

Akókòròjọ: Ti ilé yẹn, Xylocopa, oyin tó ń lu igi, ni. Ikùn rẹ̀ ń dán, kò nírun bíi ti bumblebee. Kò sí bumblebee ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà.