Àwòrán àfín kẹ̀? Fífín ni, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo kí ẹ̀gbọ́n wa tó kó ọ̀rọ̀ tuntun wá lánàá fún iṣẹ́ ọnà Yúróòpù àtijọ́. Ṣùgbọ́n "àwòrán àfín" fún èyí tí wọ́n fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà (engraving), ẹ gbà mí o! Ẹ ní à- náà ló wà nínú àkọsílẹ̀ àti àgbékalẹ̀, kí ló dé tí kò lè bá fín lọ. Ó lè bá a lọ, àmọ́ onílé ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Ta ló máa gbọ́ "àwòrán àfín" tí kò ní máa wá ẹni tí irun rẹ̀ funfun níbẹ̀?

Fífín ni. Bàbá tó bí ìyá mi fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Bí o bá ní ó "gbẹ́" igbá, á ní kí o lọ bá agbẹ́gilére.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé gbígbẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ti pákó àti ti bàbà, kò wo iṣẹ́ náà dáadáa. Lórí pákó, ibi tí wọn ò gbẹ́ kúrò ló ń gba tàdáwà. Lórí bàbà, inú ojú ìlà tí irin fín gan-an ni tàdáwà ń sá sí; wọ́n á nu ojú bàbà mọ́, wọ́n á tẹ bébà tútù mọ́ ọn kó lè fà á jáde. Ẹ wo èyí tí Hendrick Goltzius, oníṣẹ́ ọnà ará Netherlands, fín ní 1588, níbi tí dírágónì ti ń jẹ àwọn ẹmẹ̀wà Cadmus, akọni inú ìtàn Gíríìkì: ó ti ki eyín bọ ọ̀kan lójú! Ìlà kan náà á tín, á sanra níbi iṣan, á tún tín, nítorí bí irin ṣe wọlé sí ni. Iná sì ti ba ọwọ́ ọ̀tún Goltzius fúnra rẹ̀ jẹ́ láti kékeré o.

Ọ̀rọ̀ "àlọ́ òrìṣà" tí ẹ̀gbọ́n mú wá fún mythology ńkọ́? Àlọ́ tí kò ní ìjàpá! Venus, òrìṣà obìnrin tí Paris ọmọ ọba Tírọ́ì fún ní èso nínú iṣẹ́ Marcantonio Raimondi, afínbàbà ará Ítálì, wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì fún un ní Róòmù. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n sọ pé ní ìgbà Raimondi, Kristẹni ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́ mọ́. Ṣé bí ìbọ bá tán, ìtàn a di àlọ́ nìyẹn?

Ẹni tó dá "àwòrán ìkọlà" ní tirẹ̀ fún iṣẹ́ bàbà yìí, mi ò ní dá a lóhùn. Ọmọ jòjòló ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún.